Rọ́bà ìdérí ń rùn pánlá, oru sì ń jò lẹ́gbẹ̀ẹ́: báwo la ṣe ń fọ ìkòkò prẹ́ṣà oníná?

AdukeMokola

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin alásè wa. Ìbéèrè mi dá lórí ìkòkò prẹ́ṣà oníná, lítà 6, tí ìkòkò inú rẹ̀ jẹ́ sténléẹ̀sì. Rọ́bà tó yí inú ìdérí rẹ̀ ká ti gba òórùn sára. Bí a bá fi se pánlá tàbí ọbẹ̀ tó ní irú lónìí, ìrẹsì funfun tí a bá fi se lọ́la á máa ta òórùn ọbẹ̀ àná. Ọṣẹ ò ràn án. Oru tún ti ń jò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdérí báyìí, píìnì kékeré tó máa ń yọ sókè kì í sì tètè gbéra mọ́. Inú ìkòkò ti ní àwọ̀ bí òṣùmàrè pẹ̀lú àmì funfun wínníwínní. Bó bá sì ti jẹ́ jọ̀lọ́ọ̀fù la fẹ́ sè, “Burn” (ó ń jóná) ló máa ń kọ sójú rẹ̀.

Kí ni kí n fọ̀, kí ni kí n má fọwọ́ kàn, kí sì ni kí n rà tuntun? Ṣé a lè ri ẹ̀rọ náà bọ omi pátápátá? Ìwé tó bá a wá ò sọ jù pé kí a máa nù ún lọ.

IyaOniresi

Ẹ kú ìbéèrè, Àdùkẹ́. Ká kọ́kọ́ mú èyí tó léwu kúrò nílẹ̀: ẹ má ri ara ẹ̀rọ náà bọ omi, ẹ má sì gbé e sábẹ́ omi ẹ̀rọ. Inú rẹ̀ nísàlẹ̀ ni wáyà iná àti pátákó tó ń darí rẹ̀ wà. Ohun tí a lè fọ̀ ni ìkòkò inú, ìdérí, rọ́bà, ife kékeré tó ń gba omi lẹ́yìn ẹ̀rọ, àti irin ẹlẹ́sẹ̀ tí a fi ń gbé nǹkan kúrò lójú omi. Ìyókù, aṣọ tó lómi díẹ̀ la fi ń nù ún, lẹ́yìn tí a bá ti yọ pulọ́ọ̀gì, tí gbogbo rẹ̀ sì ti tutù.

Ìdérí ni ìṣòro yín pọ̀ sí jù. Ìkòkò inú ni gbogbo èèyàn máa ń fọ̀ nítorí òun lojú ń rí. Ìdérí, wọ́n á kàn bu omi sí i lára, ó parí. Bẹ́ẹ̀ ìdérí yìí gan-an ló ń gba oru ọbẹ̀, ìfófòó ẹ̀wà àti omi ìrẹsì sára, gbogbo rẹ̀ á sì gbẹ sínú ihò rẹ̀.

Ẹ yí ìdérí padà kí inú rẹ̀ kọjú sókè. Ẹ di rọ́bà ńlá mú níbì kan, ẹ fà á, á tú yípo. Ẹ má fi ọ̀bẹ tàbí fọ́ọ̀kì yọ ọ́. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tí rọ́bà náà wọ̀ mọ́ lára. Ẹ má jẹ́ kí irin yẹn tẹ̀, nítorí bó bá ti tẹ̀, kò sí rọ́bà tuntun tí ẹ máa rà tí kò ní máa jò.

Lẹ́yìn náà, ẹ yọ asẹ́ kékeré tó bo ihò fáàfù nínú ìdérí. Nínú irú kan, àtàǹpàkò la fi ń tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ kó tó gbéra. Nínú irú mìíràn, ńṣe la ń yí i. Fáàfù tó wà lókè ìdérí, ẹ fà á sókè gbọọrọ, á yọ. Bó bá ń mì jẹ́jẹ́ nígbà tó wà láyè rẹ̀, ẹ má rò pé ó ti bàjẹ́: ìwúwo rẹ̀ ló fi ń dé ihò, wọn ò dè é mọ́lẹ̀. Ó kù píìnì. Ẹ fi ìka kan tẹ orí rẹ̀ láti òkè, kí ẹ fi ọwọ́ kejì bọ́ rọ́bà kékeré tó wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Rọ́bà yẹn kéré gan-an, ojú ihò síǹkì ló sì máa ń bọ́ sí, nítorí náà inú abọ́ ni kí ẹ ti fọ̀ ọ́.

Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ọṣẹ olómi tí a fi ń fọ abọ́, àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó rọ̀ ti tó. Ẹ rẹ asẹ́, fáàfù àti píìnì fún bíi ìṣẹ́jú 15 kí sítáàṣì tó ti gbẹ lè rọ̀, kí ẹ tó máa fi búrọ́ọ̀ṣì bó o. Lẹ́yìn tí ẹ bá ṣàn án tán, ẹ gbé ìdérí sójú ìmọ́lẹ̀ kí ẹ wo inú ihò fáàfù: ẹ gbọ́dọ̀ rí òdìkejì. Bí nǹkan bá há síbẹ̀, igi ìtayín tí ẹ ti rẹ sómi ni kí ẹ fi tì í, kì í ṣe abẹ́rẹ́ tàbí ìṣó. Ihò tí irin bá ti ha kì í dé dáadáa mọ́. Tí ìdérí bá jẹ́ irú èyí tó so mọ́ ara ẹ̀rọ, tàbí tó ní wáyà nínú, kì í ṣe irú èyí tí a ń rẹ. Aṣọ tó lómi la fi ń nù ún.

Nígbà tí ẹ bá ń dá rọ́bà ńlá padà, ẹ tẹ̀ ẹ́ wọlé díẹ̀díẹ̀ yípo, kí ẹ wá fi ìka tọ̀ ọ́ ká. Ibi tó bá yọ sókè ni oru máa gbà jáde. Bó bá wọlé dáadáa, ẹ lè fi ọwọ́ yí i díẹ̀ lójú ibi tó wà, ṣùgbọ́n bí ẹ bá dojú ìdérí bolẹ̀, kò gbọdọ̀ já sílẹ̀. Èyí tó bá ń já sílẹ̀ ti fẹ̀ jù, ẹ ra òmíràn.

Kí ẹ tó tún se oúnjẹ, ẹ fi omi lásán dán an wò: mílílítà 750, ìyẹn kọ́ọ̀pù 3, ẹ tẹ prẹ́ṣà sí ìṣẹ́jú 5, kí ẹ dúró wò ó. Oru díẹ̀ á kọ́kọ́ máa jáde lára píìnì, ìyẹn ò burú. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ tí omi bá ti hó, píìnì á gbéra, oru á sì dákẹ́. Tó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ ìdérí ni oru ń gbà jáde, rọ́bà ńlá ni. Tó bá jẹ́ ẹnu fáàfù ni kò sì dáwọ́ dúró, fáàfù ò jókòó dáadáa, tàbí wọn ò yí i sí ibi tó ń dé e. Tí ẹ ò bá rí oru tó ń jáde jù níbì kankan, tí píìnì ò sì gbéra síbẹ̀, ẹ̀gbin há ojú ihò píìnì ni. Rọ́bà kékeré tó bá ya ní tiẹ̀ á jẹ́ kí píìnì gbéra díẹ̀, ṣùgbọ́n oru á máa yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láìdákẹ́.

Ó ku òórùn. Sílíkóònù ni rọ́bà yẹn. Bí ooru bá mú un, ó máa ń fẹ̀ díẹ̀, á sì gba òróró àti òórùn inú oru sára. Ojú rẹ̀ nìkan ni ọṣẹ ń fọ̀. Ẹ da kọ́ọ̀pù omi 1 àti kọ́ọ̀pù fínígà funfun 1 sínú ìkòkò, ẹ jù èèpo ọsàn wẹ́wẹ́ méjì mẹ́ta sí i bí ó bá wà nílé, ẹ dé e, kí ẹ tẹ bọ́tìnnì “Steam” (oru) fún ìṣẹ́jú 2. Ẹ jẹ́ kí prẹ́ṣà rọ̀ fúnra rẹ̀, kí ẹ wá yọ rọ́bà síta, kí atẹ́gùn fẹ́ ẹ dé òru. Ó máa ń dín òórùn kù gan-an, ṣùgbọ́n èèyàn tó bá sọ fún yín pé òórùn pánlá á kúrò pátápátá ń tàn yín ni.

Ohun tó ń ràn án ní tòótọ́ ni kí ẹ ní rọ́bà méjì: ọ̀kan fún ọbẹ̀, ẹran àti ẹja, ọ̀kan fún ìrẹsì, ẹyin, wàrà àti kéèkì. Àwọn tó ń tà á máa ń ní aláwọ̀ pupa tàbí búlúù, kí ẹ má baà gbé ọ̀kan dípò èkejì. Oṣù 12 sí 18 ni àwọn tó ń ṣe ìkòkò wọ̀nyí ní kí a máa fi pààrọ̀ rẹ̀. Tó bá ti là, tó ti le, tàbí tó ti fẹ̀ kí oṣù náà tó pé, ẹ má dúró de oṣù.

OmoMushin

Gbogbo wàhálà yìí kẹ̀! Ẹ bu bílíìṣì ìdérí ìgò rẹ̀ 2 sínú omi, ẹ rẹ rọ́bà náà mọ́jú. Òórùn ò ní sí níbẹ̀ mọ́. Ẹ sì lè fi ìyókù fọ inú ìkòkò kí àwọ̀ òṣùmàrè yẹn lè ṣí.

IyaIbejiPeckham

Ẹ jọ̀ọ́, Ọmọ Mushin, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀. Bílíìṣì ni ọ̀tá sténléẹ̀sì jù lọ. Kiloráìdì inú rẹ̀ ń jẹ awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń dáàbò bo irin náà, á sì dá ihò wínníwínní sí i tí kò ní lọ mọ́. Ti rọ́bà náà ni pé òórùn bílíìṣì fúnra rẹ̀ máa ń wọlé, oúnjẹ la sì fẹ́ fi sè. Èyí tó burú jù nínú ìmọ̀ràn yín ni pé wọ́n ti sọ fún Àdùkẹ́ kó lo fínígà. Bí bílíìṣì àti fínígà bá pàdé nínú ìkòkò kan, gáàsì kiloríìnì ló ń yọ, ó sì lè pa èèyàn nínú ilé ìdáná tí kò ní fèrèsé ṣíṣí. Ẹ má fi wọ́n sún mọ́ ara wọn.

Àwọ̀ òṣùmàrè kì í ṣe ìdọ̀tí, kò sì lè ṣe oúnjẹ ní nǹkan kan. Ooru ló mú un wá. Àmì funfun ni ẹfun tó wà nínú omi: omi gbẹ, ẹfun dúró. A mọ̀ ọ́n gan-an ní Lọ́ńdọ̀nù níbí nítorí omi ibí jẹ́ èyí tí ọṣẹ kì í hó nínú rẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n àwọn kànga tí a gbẹ́ sílé ní ilé náà ní tiwọn. Tó bá jẹ́ omi tó ní irin nínú ni, àmì pupa bí ìpẹtà lẹ máa rí dípò funfun.

Ẹ da fínígà funfun sí inú ìkòkò kó bo ìdí rẹ̀ díẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 5 sí 10, kí ẹ fi kànìnkànìn tó rọ̀ nù ún, kí ẹ ṣàn án. Òṣùmàrè àti funfun á lọ papọ̀. Bí funfun náà bá ti nípọn, sítíríìkì ásíìdì dára ju fínígà lọ, kò sì ní òórùn: ṣíbí ìjẹun 1 sí 2 nínú lítà omi 1, ẹ jẹ́ kó gbóná, kó má tíì hó, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún ìdajì wákàtí. Láti má jẹ́ kó padà kíákíá, ẹ fi aṣọ gbẹ́ ìkòkò lẹ́yìn fífọ̀. Ẹ má jẹ́ kí omi gbẹ sínú rẹ̀ fúnra rẹ̀.

Nǹkan kan wà tí àwọn èèyàn máa ń pè ní ìpẹtà, tí kì í sì í ṣe bẹ́ẹ̀: ojú kékeré kékeré bí ojú abẹ́rẹ́ ní ìdí ìkòkò. Iyọ̀ ló ń fa ìyẹn. Bí wọ́n bá da iyọ̀ sínú omi tútù, á sọ̀ sídìí, á sì jókòó síbẹ̀ títí omi fi máa gbóná, á ti máa jẹ irin. Ẹ jẹ́ kí omi gbóná ná kí ẹ tó fi iyọ̀ sí i, kí ẹ sì rò ó. Èyí tó ti ṣẹlẹ̀ kò ṣe é yọ, ṣùgbọ́n kò dí ìkòkò náà lọ́wọ́ láti ṣiṣẹ́.

Bí ìdí ìkòkò bá jóná, ẹ má mú kànìnkànìn onírin. Ẹ da kọ́ọ̀pù omi 2 sínú rẹ̀ pẹ̀lú ṣíbí ìjẹun béékín sódà 2, ẹ tẹ bọ́tìnnì “Sauté” (díndín) kó máa hó fún ìṣẹ́jú 10 láìdé e, kí ẹ máa fi ṣíbí onígi gbo ìdí rẹ̀. Ẹ pa á, kó tutù, kí ẹ tó fọ̀ ọ́. Àwọn kan máa ń da fínígà lé béékín sódà nítorí pé ó ń hó yààyàà. Híhó náà dùn-ún wò, ṣùgbọ́n ńṣe ni àwọn méjèèjì ń pa agbára ara wọn; ẹ lo ọ̀kan, kí ẹ ṣàn án, kí ẹ tó lo èkejì.

Ẹni tí ìkòkò tirẹ̀ bá jẹ́ dúdú tí oúnjẹ kì í lẹ̀ mọ́, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀. Kò sí béékín sódà tí a fi agbára bó, kò sí ṣíbí onírin, a kì í sì í bu omi tútù sí i nígbà tó ṣì gbóná, nítorí ìdí rẹ̀ lè wọ́. Ìkòkò tí ìdí rẹ̀ bá ti wọ́ kì í jókòó dáadáa mọ́ lórí àwo iná. Tí awọ dúdú náà bá ti ń ṣí, ẹ ra ìkòkò inú mìíràn. Ó ṣe é rà lọ́tọ̀.

BabaWaya

Ẹ kú iṣẹ́. Mo fẹ́ fi ti inú ẹ̀rọ kún un, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n máa ń gbàgbé.

Bí ẹ bá gbé ìkòkò inú kúrò, ẹ máa rí àwo iná, àti bọ́tìnnì kan láàárín rẹ̀ tó ń lọ sílẹ̀ bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́. Sẹ́ńsọ̀ ni. Òun ló ń fara kan ìdí ìkòkò láti mọ bó ṣe gbóná tó. Ẹyọ ìrẹsì kan ṣoṣo tó bá wà láàárín ìkòkò àti àwo iná ti tó láti da ìṣirò rẹ̀ rú: ìkòkò á gbé sókè díẹ̀ ní apá kan, apá kan á gbóná jù, ẹ̀rọ á kọ “Burn”, tàbí kó má tiẹ̀ gbóná tó rárá. Nítorí náà, ẹ máa gbẹ́ ẹ̀yìn ìkòkò inú, pàápàá ìdí rẹ̀, kí ẹ tó gbé e padà. Ẹ fi aṣọ tó lómi díẹ̀ nù àwo iná náà nígbà tó bá tutù. Tí nǹkan bá ti jóná mọ́ ọn, aṣọ tó ní fínígà díẹ̀ á yọ ọ́. Ẹ tẹ sẹ́ńsọ̀ náà wò lẹ́yìn náà: ó gbọ́dọ̀ padà sókè fúnra rẹ̀ láìhá.

Etí ara ẹ̀rọ, níbi tí ìdérí ń yí wọ̀, ní kòtò tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó máa ń gba omi ọbẹ̀. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti gbẹ la fi ń gbo ibẹ̀, kí a tó fi aṣọ nù ún. Ife kékeré ẹ̀yìn, ẹ máa dà á nù nígbàkigbà tí ẹ bá se nǹkan. Omi tó bá wà níbẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan á hu ewú.

Bí ẹnì kan bá gbàgbé tó da omi tàbí ìrẹsì sínú ara ẹ̀rọ láìsí ìkòkò inú níbẹ̀, ẹ yọ pulọ́ọ̀gì kíákíá, ẹ má tan án wò. Ẹ dà á nù, ẹ dojú rẹ̀ bolẹ̀ kó ro, kí ẹ gbé e lọ bá ẹni tó máa tú abẹ́ rẹ̀. Gbígbé e sóòrùn nìkan ò tó, nítorí omi máa ń dúró sábẹ́ pátákó tí ẹ ò lè rí. Bí ó bá jẹ́ omi oníyọ̀ tàbí ọbẹ̀, ó tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ: yóò jẹ wáyà bó tilẹ̀ ti gbẹ.

Ihò atẹ́gùn tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀rọ náà ni ọ̀nà tí aáyán ń gbà wọlé, nítorí inú rẹ̀ móoru. Ìdí tí ó fi yẹ kí ẹ máa nu òróró ara rẹ̀ nìyẹn, kí ẹ sì gbé e sórí ibi tó gbẹ, kì í ṣe inú kọ́bọ́ọ̀dù tó ti rin. Nígbà tí ẹ bá ń gbé e pamọ́, ẹ dojú ìdérí dé e ní òdì, kí atẹ́gùn lè máa wọlé. Ìdérí tí wọ́n bá yí pa mọ́lẹ̀ fún oṣù kan á máa rùn bí yàrá tí wọ́n tì pa.

Ó kan wáyà. Lítà 6 sábà máa ń gba wáàtì 1000, lítà 8 bíi 1200, kékeré tó jẹ́ lítà 3 bíi 700. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí a mọ̀ sí “I better pass my neighbour” kò lè gbé wáàtì 1000, bẹ́ẹ̀ ni ìnfátà 1kVA náà kò lè gbé e. Ẹ má fi dán an wò. Ẹ máa wo ibi tí wáyà ti ń wọ ara ẹ̀rọ. Tí irin ibẹ̀ bá ti dúdú, tàbí pulọ́ọ̀gì ń gbóná lọ́wọ́, ó túmọ̀ sí pé kò wọlé ṣinṣin. Ẹ pààrọ̀ wáyà náà, ẹ má fi téèpù dè é.

AdukeMokola

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin àgbà. Mo ti tú ìdérí náà bí Ìyá Onírẹsì ṣe wí. Rọ́bà kékeré abẹ́ píìnì ti ya lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ṣé a lè gé rọ́bà mìíràn fi dípò rẹ̀ kí tuntun tó dé? Àti pé jọ̀lọ́ọ̀fù ńkọ́? Ìdí ẹ̀rọ mọ́ tónítóní báyìí, ẹ̀rù “Burn” ṣì ń bà mí.

IyaOniresi

Ẹ má gé ohunkóhun fi síbẹ̀. Píìnì yẹn la fi ń mọ̀ pé prẹ́ṣà wà nínú, òun náà ló ń ti ìdérí pa kí ẹnikẹ́ni má ṣí i nígbà tí oru ṣì wà. Ẹ ra ojúlówó, kí ẹ sì wo nọ́ńbà ìkòkò yín lábẹ́ rẹ̀ kí ẹ tó rà á. Rọ́bà lítà 6 kì í wọ lítà 8, ti orúkọ ilé iṣẹ́ kan kì í sì í fi gbogbo ìgbà wọ ti òmíràn, bó ti wù kí wọ́n jọra tó lójú. Títí tuntun fi máa dé, “Sauté” ṣì ń ṣiṣẹ́ láìdé e.

Ti jọ̀lọ́ọ̀fù, kì í sábà jẹ́ ẹ̀rọ ló ṣẹ̀. Bí ẹ bá dín ata àti tòmátò pẹ̀lú “Sauté”, díẹ̀ nínú rẹ̀ á ti lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò. Ẹ da omi ẹran díẹ̀ sí i nígbà náà, kí ẹ fi ṣíbí onígi ha ìdí rẹ̀ títí á fi mọ́, tí ẹ ò ní gbọ́ kí nǹkan máa gbo ṣíbí yín mọ́. Ẹ wá fi ìrẹsì sí i, ẹ tẹ́ ẹ kó bọ́ sínú omi, kí ẹ da tòmátò inú agolo sórí rẹ̀ láìrò ó. Tòmátò agolo nípọn, á sọ̀ sídìí, á sì jóná kí omi tó hó. Ìkòkò lítà 6 kì í gba omi tó kéré sí mílílítà 375, kọ́ọ̀pù kan àbọ̀, bó ti wù kí ohun tí ẹ ń sè kéré tó. Láìsí iye omi yẹn, kò ní sí oru tó máa mú prẹ́ṣà wá. Ẹ rántí pé bí rọ́bà bá ń jò, omi á máa lọ pẹ̀lú oru, ìdí ìkòkò á gbẹ, “Burn” á tún yọ. Nítorí náà ó ṣeé ṣe kó jẹ́ rọ́bà yín ló ń fa ìṣòro méjèèjì.

Ti ẹ̀wà, ẹ má jẹ́ kó kọjá ìlàjì ìkòkò, omi àti ẹ̀wà papọ̀. Ìlà tó wà nínú ìkòkò fún ìdá méjì nínú mẹ́ta jẹ́ ti ẹran àti ọbẹ̀, kì í ṣe ti ẹ̀wà tàbí ìrẹsì tó ń wú. Ṣíbí ìjẹun òróró 1 á dín ìfófòó rẹ̀ kù. Bó bá jinná, ẹ jẹ́ kí prẹ́ṣà rọ̀ fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá ṣí fáàfù lójijì, omi ẹ̀wà á tú jáde pẹ̀lú èèpo, á sì gbẹ sínú ihò tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ yẹn. Ọjọ́ tí ẹ bá se ẹ̀wà, ẹ tú asẹ́ àti fáàfù fọ̀ lọ́jọ́ yẹn gan-an. Ọjọ́ mìíràn, ẹ lè máa tú wọn lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ṣùgbọ́n rọ́bà ńlá, gbogbo ìgbà ni.

Bí oúnjẹ bá jinná, tí oru ò sì jáde mọ́ nígbà tí ẹ ṣí fáàfù, ṣùgbọ́n tí píìnì kọ̀ láti sọ̀ kalẹ̀, ẹ má fi agbára yí ìdérí. Sítáàṣì ló mú un. Ẹ dúró kó tutù díẹ̀, ẹ fi ìdí ṣíbí gígùn tẹ orí rẹ̀ wẹ́rẹ́, kí ojú yín jìnnà sí i.

AdeHouston

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n fi ti èmi kún un. Mo fẹ́ fi irú ìkòkò yìí ránṣẹ́ sí ìyá mi ní Ọ̀ṣogbo. Ṣé mo kàn máa pààrọ̀ ẹnu pulọ́ọ̀gì ni?

BabaWaya

Rárá o. Ti Amẹ́ríkà jẹ́ fólítì 120, ti ilé wa 230. Bí ìyá bá fi í sí sọ́kẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú àyípadà ẹnu pulọ́ọ̀gì nìkan, iná tí àwo iná máa fà á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́rin ti tẹ́lẹ̀, á sì jóná lójú ẹsẹ̀. Sítẹ́pù-dáàn, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń dín fólítì kù, lè gbé e, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ dín ní wáàtì 1500 fún ìkòkò wáàtì 1000, 2000 sì dára jù. Àwọn kékeré tí wọ́n ń tà fún fóònù àti ẹ̀rọ ìfárungbọ̀n ò wúlò fún èyí. Sítẹ́pù-dáàn tó tó bẹ́ẹ̀ wúwo, ó sì wọ́n. Ó rọrùn jù kí ẹ ra ti fólítì 220 sí 240 nílé, tàbí kí ẹ ní kí ẹni tó ń bọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù bá yín mú un wá, nítorí pulọ́ọ̀gì onírin mẹ́ta tiwọn náà la ń lò. Kí ó fi rọ́bà ńlá méjì àti àpò rọ́bà kékeré kan kún un, ti nọ́ńbà ìkòkò yẹn gan-an.